Kọ́fà ṢẸ̀KẸ̀RẸ̀: àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Sátidé, ọ̀sẹ̀ kìíní

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò tóbi: ìwé ìròyìn orin olójú ewé 32, ẹ̀dà 200, tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ní Bàríga fẹ́ pín níbi àjọ̀dún ogún ọdún wọn. Inú ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kọ́fà ló kù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe kọ́fà ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin ìjọ àti kàlẹ́ńdà, nítorí náà mo rò pé ọ̀sán kan péré ni màá fi parí ẹ̀.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ gàdàgbà sókè, mo gbé fọ́tò sí àárín, mo to àkọlé kéékèèké sí ọ̀tún àti òsì. Ó jọ kọ́fà magasínì lóòótọ́. Ọmọṣẹ́ mi dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ó dà bí ìwé ètò ìsìnkú olówó.”

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló pa. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ajé àti Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London kó páálí magasínì orin àtijọ́ kan wálé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń gbé. Mo kó wọn jáde, mo ra tracing paper (bébà fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ ká rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀) àti pẹ́ńsùlù pupa. Mo gbé tracing paper lé kọ́fà, mo fi rúlà fa ìlà yí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ká, lẹ́yìn náà mo yọ kọ́fà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Egungun iṣẹ́ ló máa ń kù sórí bébà. Ojú olórin tó lẹ́wà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti tan èèyàn jẹ.

Q, magasínì orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mark Ellen àti David Hepworth ló dá a sílẹ̀ ní 1986, ó sì kógbá wọlé ní 2020. Cue ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa pè é, bí ìgbà tí èèyàn ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ yóò bà lé lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kí wọ́n tó rò ó pé àwọn èèyàn lè ṣì í mú fún ìwé ìròyìn àwọn tó ń ta snooker. Ni wọ́n bá gé e kù sí lẹ́tà kan ṣoṣo: Q funfun nínú àpótí pupa, ní igun òkè lápá òsì. Gbogbo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fa ìlà rẹ̀ léra, igun yẹn ni àpótí náà ń bọ́ sí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òsì? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń to magasínì léra lórí pákó bíi páànù òrùlé, ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀, bèbè òsì àti òkè nìkan lèèyàn ń rí látòkèèrè. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀tún, aládùúgbò rẹ̀ á bò ó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: òsì. (Mo padà wá fagi lé e. Ó ń bọ̀.)

Kerrang!, magasínì orin rọ́ọ̀kì, pa mí lẹ́rìn-ín. Láti 1981 ló ti wà, ìró tí gìtá iná ń ké nígbà tí ọwọ́ bá ya gbogbo okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, lẹ́tà rẹ̀ sì sán bíi gíláàsì tí òkúta bà. Àwa tí a ní gbàmù, gbì, wàràwàrà àti fìrì, irú orúkọ yìí kò yẹ kó jẹ́ tuntun sí wa. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pàápàá, létí tèmi, ohùn ara rẹ̀ ló ń pè.

Èyí tí mo lò pẹ́ jù lé lórí kò sí nínú páálí. Orí fóònù ni mo ti rí i, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 kí n lè fa ìlà sí i: Rolling Stone, ẹ̀dà 335, ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1981. San Francisco ni ìwé ìròyìn yìí ti kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1967, fọ́tò John Lennon, olórin ẹgbẹ́ Beatles, ló sì wà lójú ẹ̀dà àkọ́kọ́ náà. Lennon yìí kan náà ló tún wà lójú 335, òun àti Yoko Ono ìyàwó rẹ̀. Annie Leibovitz ya fọ́tò wọn nílé wọn ní New York ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1980. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa Lennon lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú magasínì ní Amẹ́ríkà mú kọ́fà yìí ṣe ìkíní nínú gbogbo èyí tó jáde láàárín 40 ọdún.

Nígbà tí mo fa ìlà mi tán, ohun mẹ́ta ló kù lórí tracing paper: orúkọ ìwé lókè, ọkùnrin, obìnrin. Kò sí àkọlé ìròyìn kankan. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Lennon ti kú, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìtàn ikú yẹn ló ń fà mí. Mo wá da bébà náà kodò, orí sísàlẹ̀, kí n má baà rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń fà mí. Yoko wọ aṣọ dúdú àti jíǹsì, ó nà gbalaja. Lennon wà níhòòhò, ó ká kò bí ọmọ inú oyún mọ́ ọn lára. Ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí kò pọ́n, kò dú. Leibovitz ti sọ ọ́ pé ìhòòhò àwọn méjèèjì lòun kọ́kọ́ ní lọ́kàn, Yoko ni kò fẹ́ bọ́ gbogbo tiẹ̀, lòun bá ní kó wọ aṣọ rẹ̀ bó ṣe wà. Ká ní Yoko gbà fún un ni, ara méjì tó jọra wọn la ò bá máa wò, a ò sì ní tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Aṣọ dúdú yẹn ló ya ọkùnrin náà sọ́tọ̀. Ojú á bá apá rẹ̀ tó yí orí ìyàwó ká lọ, á bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á bá ẹsẹ̀ tó gbé lé e padà sórí obìnrin náà. Mo wá ibi tí ojú lè gbà jáde kúrò nínú ìyípo yẹn, n kò rí i.

Mo parí èrò sí pé tèmi náà yóò dákẹ́ báyẹn. Orúkọ àti àwòrán kan, ó tán.

Ọjọ́rú

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́. Ó kó fọ́tò wá nínú àpò ìwé: ọmọ ẹgbẹ́ 16 pẹ̀lú gèlè, ọkọ rẹ̀, àti kánsẹ́lọ̀ kan tó ti ṣèlérí owó.

“Gbogbo wọn ló máa wà níwájú,” ó ní.

“Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kò ní gbà wọ́n. Ojú kálukú ò ní ju sítáǹbù lọ.”

“Ta lo fẹ́ kí n yọ nínú wọn tí n kò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ títí ọdún á fi yípo?”

Mo gbé Rolling Stone fún un. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dà á dojú dé sórí tábìlì. “Ọkùnrin yìí ò wọṣọ, ìwọ náà wá gbé e fún ìyá ẹ.”

Ọmọṣẹ́ mi sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Màmá, mo sì sọ bí ó ṣe jẹ́, pé ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà gan-an ni wọ́n pa á. Ó tún ṣí i. Ó wò ó pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Wo bó ṣe dì mọ́ ọn,” ó ní. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rírú ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Òde ìbànújẹ́ nìyí, àbí? Ṣé o ti rí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lóde ìbànújẹ́ rí?”

N kò lè dáhùn. Mo ti jókòó fún ọjọ́ méjì, mo fa ìlà, mo ka ìlà, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ìdákẹ́jẹ́ ilé ọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ gbé lọ síbi àríyá. Òde ayọ̀ là á bá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A dúnàádúrà. Ojú 16 yóò wà lẹ́yìn ìwé, ní ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Ọkọ Màmá àti kánsẹ́lọ̀ á wà nínú. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà níwájú. Màmá ló yanjú ọ̀rọ̀ ẹni náà: “Ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ni. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí àgbà.” Èmi ìbá ti yan ẹni tó lẹ́wà jù, ẹgbẹ́ ìbá sì ti tú.

Bó ṣe ń dìde ló rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà: SEKERE, gàdàgbà.

“Ta ló ń jẹ́ Sekere?”

“Mà, wọ́n á mọ̀ ọ́n.”

“Igbá lásán lo gbé fún mi yìí o. O ti já gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ dànù.”

Ọ̀sẹ̀ kejì: lẹ́tà

ṢẸ̀KẸ̀RẸ̀. Lẹ́tà mẹ́fà, àmì abẹ́ mẹ́rin, àmì ohùn mẹ́ta. Ibí ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti máa ń sá, a ó ní “kò ṣe pàtàkì, wọ́n á mọ̀ ọ́n.”

Ṣ àti Ẹ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, àtòjọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, ọ̀kan fún Ṣ, ọ̀kan fún Ẹ. Ẹ̀ kò ní. Ẹ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kọ, yóò wá mú àmì ohùn tó dá dúró lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀ntì náà kò bá sọ fún àmì yẹn ibi tó máa jókòó sí, ibi tó bá wù ú ni yóò jókòó sí. Mo dán fọ́ọ̀ntì mẹ́ta tí mo fẹ́ràn wò, àwọn tó sanra tó yẹ kọ́fà. Àkọ́kọ́ gbé àmì ohùn lé èjìká lẹ́tà kejì. Èkejì ya àpótí òfìfo. Ìkẹta lọ yá Ẹ lọ́wọ́ fọ́ọ̀ntì mìíràn, ó wá dúró láàárín àwọn ìyókù bí àlejò nínú fọ́tò ẹbí. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ló gbé gbogbo rẹ̀ sí ibi tó yẹ. Gentium àti Charis, inú ìwé ni ìwà wọn bá mu, wọn ò lè pariwo. Noto Sans tó sanra jù ni mo mú. Mo kọ ọ́ nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di àwòrán, kí n lè máa fi ọwọ́ tún àmì kọ̀ọ̀kan gbé.

Nígbà tí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n ni mo wá lóye ohun tí àwọn kọ́fà London ò lè kọ́ mi. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ga ní mìlímítà 34. Àmì orí gba 10. Àmì abẹ́ gba 7. Àpapọ̀ rẹ̀ 51, lórí ìwé A4 tí gíga rẹ̀ jẹ́ 297. Q kò san owó ibodè yẹn. Bí mo bá gbé òṣùwọ̀n tiwọn lé tèmi, orí fọ́tò á gun àmì abẹ́, àmì orí á sì lọ kan etí ìwé. Mo fa fọ́tò sísàlẹ̀, mo sì fún orúkọ ní ilé tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí Màmá sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọṣẹ́ mi ló ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ gidi sí abẹ́ ẹ̀.” A yá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, a ya ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin ara rẹ̀ ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi wọ́n rọ́pò àmì abẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dára débi pé mo ṣe é láṣejù: mo da ìlẹ̀kẹ̀ bo gbogbo lẹ́tà, mo so òwú mọ́ ọn, mo tún fi ṣe àmì orí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí i pé kò ṣeé kà mọ́. Mo kó wọn kúrò. Àmì ohùn ní láti dagun kí èèyàn tó mọ̀ pé ohùn ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá ti di róbótó, kò sọ nǹkan kan. Abẹ́ nìkan ni ìlẹ̀kẹ̀ wà. Lókè, ìlà pupa gbọọrọ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ẹtì: abẹ̀bẹ̀

Mo tẹ àpẹẹrẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo gbé e fún ọmọṣẹ́ mi kó wò ó. NẸPA mú iná lọ. Láìrò ó tì, ó ń fi kọ́fà mi fẹ́ ara rẹ̀.

Mo fẹ́ bínú, mo wá jókòó. Ta ló máa rí kọ́fà yìí, níbo? Kò sí pákó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní tò ó bíi páànù. Abẹ́ tẹ́ǹtì ni wọ́n á ti pín in, ní ọ̀sán gangan, láàárín igba èèyàn tí ooru ń mú. Abẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ìwé kíkà. Ẹni tó jókòó ní tábìlì kejì ló máa rí ojú rẹ̀, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fagi lé “òsì”.

A fi ìdajì wákàtí dán an wò lójú ọ̀nà, ọmọṣẹ́ mi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, èmi ń fi ẹ̀yìn rìn. Ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, orúkọ ṣì hàn, fọ́tò di àwọ̀ lásán, gbogbo àkọlé kéékèèké pòórá. Ọwọ́ rẹ̀ sì bo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún pátápátá; bó bá pa ọwọ́ dà, á bo tòsì. Nítorí náà mo gbé ohun gbogbo kúrò ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì. Àkọlé méje di mẹ́ta, mo sì sọ wọ́n di 16 point (òṣùwọ̀n ìtóbi lẹ́tà) tó sanra, funfun lórí dúdú, torí ní 9 point ni àmì abẹ́ ọ̀ àti ẹ̀ ti ń rì sínú àwọ̀.

Ọmọṣẹ́ mi ní igun ìsàlẹ̀ tó ṣófo yẹn yẹ kó gba bákóòdù, kó lè jọ ti òyìnbó. Ó ti ya ti pákẹ́ẹ̀tì bisikíìtì kan sórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún un pé bákóòdù ìwé ìròyìn, nọ́ńbà 13 ni, 977 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀, inú ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé ìròyìn, ló ti ń jáde, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ló sì ń fún èèyàn ní ISSN ní Nàìjíríà. Tirẹ̀ yìí, 615 ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà ọjà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wò ó, bisikíìtì ló máa rà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Ìyá Àgbà

Fóònù lásán la fi ya fọ́tò. Kọ́fà A4 pẹ̀lú bleed mìlímítà 3 yíká, ìyẹn àwọ̀ tó máa ń kọjá ibi tí ọ̀bẹ yóò gé, jẹ́ 216 lọ́nà 303. Ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínṣì kan, ó fẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 2551 lọ́nà 3579. Fóònù mi ń ya 3000 lọ́nà 4000. Ó tó, ó ṣẹ́kù díẹ̀ létí tí mo lè gé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun. Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ìró aró, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, àti gèlè tó ga bí òkè. Mo rántí Lennon àti Yoko: ohun dúdú lára ohun tó mọ́lẹ̀. Aró lára ògiri funfun ṣe iṣẹ́ yẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni bọ́ṣọ. Mo ní kí wọ́n gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè, kí wọ́n jù ú díẹ̀. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti dúró jẹ́ẹ́ kò dára. Èyí tó dára ni ìgbà tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Gèlè ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Rolling Stone lè jẹ́ kí orí olórin bo lẹ́tà méjì nínú orúkọ rẹ̀, torí ojú gbogbo èèyàn ti mọ orúkọ náà. Ta ló mọ tèmi? Ṣóńṣó gèlè gun Ẹ̀ kejì, ó sì bo ìlẹ̀kẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà náà sílẹ̀, mo wò wọ́n: K àti R nìkan ni kò ní àmì kankan. Mo sún Ìyá Àgbà sósì títí ṣóńṣó gèlè fi bọ́ sí abẹ́ K, ó wá tẹ ẹsẹ̀ K náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé gèlè ló gbé orúkọ rù. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èèṣì ló sì fi dé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé

Ẹ̀dà 200 kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ṣe pléètì fúlù kọ́lọ̀, DI (ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé tààrà látinú kọ̀ǹpútà) ni mo fi tẹ kọ́fà, sórí art card 250 gsm, ìyẹn bébà tó nípọn bíi páálí, pẹ̀lú matt lamination, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí kì í dán, kí àwọ̀ má baà sán níbi ìṣẹ́po. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe 20.

Mo gba 20 náà, ojú mi wálẹ̀. Lára mẹ́sàn-án nínú wọn, ọ̀bẹ ti gé orí àmì ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń gé ìwé kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: “Bọ̀dá, ẹ wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 2 lẹ fi sílẹ̀. Tí ìdìpọ̀ ìwé bá sún ní 2, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?” Òótọ́ ni. Nínú kọ̀ǹpútà, mo ti ń wo orí lẹ́tà bí orí ilé, mo gbàgbé pé àmì ohùn ni òrùlé. Lẹ́tà jìnnà sí etí ní 12, mo sì rò pé ibi ààbò nìyẹn.

Mo mú gbogbo orúkọ wálẹ̀ ní mìlímítà 6. Gèlè náà ní láti wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Àgbà sì bọ́ kúrò nínú ìwé lápá ìsàlẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ lọ́nàkọnà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

200 pé, àmì orí pé. Mo kó wọn dé ilé Màmá ní alẹ́ tó ṣáájú àjọ̀dún. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí. Wọn ò wo iwájú rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n yí i sí, wọ́n ń fi ìka ka ojú àwọn 16 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe orúkọ abẹ́ rẹ̀. Ní ìkọkànlá wọ́n dúró.

“Ṣ lorúkọ tọmọ yìí fi bẹ̀rẹ̀. S lo kọ.”

Màmá wọ awò ojú rẹ̀. Òun náà rí i.

Bírò ò mú lórí matt lamination, máàkà dúdú ló mú. Ọmọṣẹ́ mi bá mi dé aago kan òru. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní nǹkan bí ẹ̀dà 140, wàá rí i lára àwọn kan pé àmì abẹ́ náà tóbi ju èyí tó yẹ lọ.